Ohùn Tí Kò Ti Inú Rédíò Wá

Odò Ọya bẹ̀rẹ̀ láti orí òkè ní ìhà ìwọ̀-oòrùn, ó wọ inú aṣálẹ̀ bí ẹni tí ó fẹ́ sọnù, ó sì tún yí padà, ó gba ẹ̀gbẹ́ Niamey kọjá kí ó tó máa sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ wá sí Jẹ́bà. Bí omi ti ń sọ̀ kalẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ àti ti Ọ̀yọ́ ń gòkè lọ, pẹ̀lú ẹrù aṣọ nínú ọkọ̀ àti tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Ẹlẹ́dàá tí ó la ọ̀nà fún omi ni ó la ọ̀nà fún ènìyàn. Òun náà ni ó dá ara wa ní ẹ̀yà oríṣiríṣi, kò sì sí ẹ̀yà kan tí ó bọ́ lọ́wọ́ àìsàn. Ojú ń ṣàìsàn, ẹ̀dọ̀ ń ṣàìsàn, ẹsẹ̀ ń ṣàìsàn, a sì ń kí aláìsàn kú ewu. Ṣùgbọ́n bí ó bá kan ọpọlọ, àánú a tán nínú ọmọ aráyé, ìtìjú a sì gba ipò rẹ̀.

Lábẹ́ òfin àtayébáyé yìí ni Gàfárù àti Mọ́rìlíátù ti pàdé, tí wọ́n sì fẹ́ràn ara wọn.

Ìjọba ológun ni ó wà lórí oyè ní Niger nígbà náà. Wọ́n ń wa òkúta yurániọ̀mù ní àríwá, nínú iyanrìn Arlit, àwọn òyìnbó ń rà á ní ọ̀wọ́n, ilé alájà púpọ̀ sì ń hù ní Niamey bí olú. Gàfárù jẹ́ akọ̀wé ní ọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ kan tí ó ń bójú tó òkúta náà. Niamey ni wọ́n ti bí i, ilé-ìwé Faransé ni ó lọ. Bàbá rẹ̀, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ti kú nígbà tí ó wà ní kékeré. Ìyá rẹ̀, Hàbíbátù, ń ta tùràrí ní àdúgbò Lazaret, ọmọ kan ṣoṣo yìí ni ó sì ní láyé.

Ní ọjọ́ kan tí Iléyá kù sí dẹ̀dẹ̀, ìyá rán an lọ ra àǹkárá ní Grand Marché, ọjà ńlá Niamey. Ìsọ̀ Alhaji Àdìgún ni ó bọ́ sí. Mọ́rìlíátù, ọmọbìnrin Alhaji, ni ó wà níbẹ̀ tí ń ká aṣọ, arẹwà obìnrin tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ.

"Ẹ káàsán, mademoiselle. Èló ni aṣọ yìí?"

Mọ́rìlíátù dá iye kan lé e gẹ́gẹ́ bí àwọn ọlọ́jà ti ń ṣe. Gàfárù ti ọwọ́ bọ àpò, ó fẹ́ sanwó.

"Ẹ dúró! Kí ni ẹ ń ṣe yẹn?"

"Mo fẹ́ sanwó."

"Ẹ kò ní ná an? Ṣé ọmọ Yorùbá ni yín ṣá?"

"Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi."

"Bàbá yín á máa yíra padà nínú sàréè. Ẹ sọ pé ó ti wọ́n jù."

"Ó ti wọ́n jù," ni Gàfárù wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Ẹ lejú sí mi. Ẹ wáá ṣe bí ẹni tí ó ń lọ, èmi yóò pè yín padà."

Gàfárù lejú, ó kẹ́yìn sí ìsọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Ó lọ tọkàntọkàn, láìbojúwẹ̀yìn, débi pé kò gbọ́ nígbà tí Mọ́rìlíátù ń pè é. Ọmọbìnrin náà ní láti ká ìró rẹ̀ sókè kí ó sáré tẹ̀ lé e dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ń ta bàtà.

"Ẹ̀yin ọkùnrin yìí! Mo ní kí ẹ ṣe bí ẹni tí ń lọ, n kò ní kí ẹ lọ dé ìlú Dosso!"

Àwọn oníbàtà bú sẹ́rìn-ín. Gàfárù náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì wọ Mọ́rìlíátù lọ́kàn.

Láti ìgbà náà kò sí ọ̀sẹ̀ tí akọ̀wé yìí kì í wá ra aṣọ. Alhaji Àdìgún á máa wò ó láti ẹ̀yìn ìsọ̀ pẹ̀lú gíláàsì lójú.

"Mọ́rìlíátù, ṣé gbogbo ọmọ ogun Niger ni ọ̀gbẹ́ni yìí fẹ́ dáṣọ fún ni?"

"Bàbá, oníbàárà ni."

"Mo rí i pé oníbàárà ni. Ohun tí ó wá rà gan-an ni mò ń bèèrè."

Ìfẹ́ wọn dàgbà ní gbangba, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ wọ́n máa ń rìn lọ sí etídò wo àwọn apẹja. Gàfárù ń pe Mọ́rìlíátù ní oríkì rẹ̀, Àwẹ̀ró. Mọ́rìlíátù náà ń pè é ní Àdìsá.

"Àwẹ̀ró mi, bí Iléyá tí ń bọ̀ yìí bá ti kọjá, àwọn ènìyàn mi yóò wá rí bàbá rẹ."

"Kí wọ́n má gbàgbé láti ná mi o."

"Rárá. Iye tí wọ́n bá dá lé ọ ni n ó san."

Iléyá kọjá, ẹnikẹ́ni kò wá. Oorun ni ó kọ́kọ́ kúrò lójú Gàfárù. Lẹ́yìn náà ó dẹ́kun láti máa bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jẹun. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹ̀yìn bí ó bá ń rìn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ní etídò, ó fa Mọ́rìlíátù sún mọ́ra.

"Àwẹ̀ró, wọ́n ń gbọ́ ohun tí mò ń rò."

"Àwọn wo?"

"Àwọn ará ọ́fíìsì. Wọ́n ní mo ń ta àṣírí òkúta náà fún ilẹ̀ òkèèrè. Wọ́n ti fi ẹ̀rọ sínú rédíò. Bí mo bá ro nǹkan, ẹni tí ń ka ìròyìn á dá mi lóhùn."

Mọ́rìlíátù gbà á gbọ́. Ẹni tí kò bá gbé Niamey ní ìgbà náà lè bú u. Ìgbà náà jẹ́ ìgbà tí baba kì í dárúkọ ọ̀gá ológun níwájú àlejò, tí àwọn ènìyàn gbà pé ògiri létí, tí wọ́n sì ń sọ pé wọ́n ti gbé oníṣòwò kan lọ nítorí àwàdà lásán. Bí ọkùnrin kan tí ó ń ṣiṣẹ́ nídìí yurániọ̀mù bá sọ pé ìjọba ń ṣọ́ òun, ta ni yóò sọ pé irọ́ ni?

Hàbíbátù náà gbà á gbọ́. Ó ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì pé ọmọ òun lọ sin òkú ní Nàìjíríà. Ó wá fi Gàfárù pamọ́ sínú yàrá kan ní ẹ̀yìn ilé Alfa Mùhàmmádù, ọ̀rẹ́ bàbá rẹ̀ àtijọ́, ní Lazaret níbẹ̀. Alfa fi ẹní dí fèrèsé, ó sì fi rédíò ilé ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀ ní Dosso. Alhaji Àdìgún tìkára rẹ̀ ń bá wọn wá awakọ̀ tí yóò gbé e gba ọ̀nà Gaya sọdá ẹnubodè. Àwọn ará Yorùbá ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pẹ̀lú ìgbéraga pé ọmọ Hàbíbátù mọ àṣírí ìjọba. Bí Gàfárù bá ti gbọ́ wúyẹ́wúyẹ́ lẹ́yìn ẹní, a tún dá a lójú sí i pé àwọn ọ̀tá ti yí ilé ká. Ìfẹ́ ni gbogbo wọn fi ṣe é, ìfẹ́ náà sì ń bu epo sí iná.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan Mọ́rìlíátù gbé igbá fùrá, ọkà tí a fi wàrà pò, wá fún un. Ó bá a tí ó kọjú sí ògiri, tí ó ń jiyàn.

"Àdìsá mi, ta ni ò ń bá sọ̀rọ̀?"

"Ṣé o kò gbọ́ wọn ni?"

"Rédíò ti lọ sí Dosso."

"Rédíò lọ, wọn kò lọ."

Mọ́rìlíátù gbé igbá kalẹ̀ jẹ́jẹ́. "Kí ni wọ́n ń wí báyìí?"

"Wọ́n ní, 'Ó ń wo obìnrin náà. Ó fẹ́ gba fùrá. Ẹ wò ó bí ó ti ń na ọwọ́.'"

"Èdè wo ni wọ́n fi ń sọ ọ́?"

"Ọ̀kan ń sọ Faransé. Ìkejì ń sọ Yorùbá. Ti Ògbómọ̀ṣọ́ pọ́nńbélé ni, bí bàbá mi ti máa ń sọ ọ́. Ó ń kì mí ní oríkì ilé wa, ó sì tún ń bú mi."

Mọ́rìlíátù rò ó wò. Ológun wo ni, nínú gbogbo ilẹ̀ Niger, tí ó mọ oríkì ilé kan ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí yóò sì wá jókòó nínú ògiri Lazaret láti máa ka bí ẹnì kan ṣe ń mu fùrá? Ó rọra bèèrè nípa ìrìn-àjò Gaya láti wo bí yóò ti fèsì.

"N ó lọ," ni Gàfárù wí. "Ọ̀nà Gaya, iyanrìn ni. Iyanrìn ni wọ́n fi ń hun aṣọ, aṣọ kì í sùn, ìyá mi ti ta oorun tán."

Omijé bọ́ lójú Mọ́rìlíátù, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ dúró. Ó mọ̀ nísinsìnyí pé ọ̀tá tí wọ́n ń sá fún kò sí ní ìta. Ó kọjá tààrà sí ọ̀dọ̀ Hàbíbátù àti Alfa.

"Màmá, ara Gàfárù kò yá. Ẹ jẹ́ kí á gbé e lọ sí ilé ìwòsàn."

"Ṣé o fẹ́ sọ pé ọmọ mi ya wèrè ni?"

"N kò dárúkọ wèrè, Màmá. Mo ní ara rẹ̀ kò yá."

"Ilé ìwòsàn ìjọba! Kí á fi ọwọ́ ara wa fà á lé àwọn tí ń wá a lọ́wọ́!"

"Ta ni ó wá a wá, Màmá? Láti ìgbà tí a ti fi í pamọ́, ológun wo ni ó kan ilẹ̀kùn? Ta ni ó bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ yín?"

Hàbíbátù yí ojú kúrò lára rẹ̀. Ó wo Alfa Mùhàmmádù bí ẹni tí ń wá igi dìmú nínú omi.

Alfa ti ń gbàdúrà sí omi fún Gàfárù láti ìgbà tí ó ti dé ilé rẹ̀. Ó gbé tẹ̀sùbáà rẹ̀, ó dìde. "Àdúrà mi kò sọ pé kí n jókòó sílé. Yóò bá wa wọ takisí. Hàbíbátù, múra."

Mọ́rìlíátù di Gàfárù lọ́wọ́ mú, Gàfárù sì tẹ̀ lé wọn. Dókítà tí wọ́n bá ní ilé ìwòsàn ń jẹ́ Boubacar, ọmọ ẹ̀yà Zarma kan, ẹni pẹ̀lẹ́ tí kì í kánjú. Ó bá Gàfárù sọ̀rọ̀ pẹ́ títí kí ó tó pe àwọn ìyókù wọlé. Èdè Faransé ni ó ń sọ, Mọ́rìlíátù sì ń túmọ̀ rẹ̀.

"Ọpọlọ rẹ̀ ni ó ń dá ohùn náà sílẹ̀," ni dókítà wí. "Ẹ má sọ fún un pé irọ́ ni ó ń pa. Ó ń gbọ́ ọ bí ẹ ti ń gbọ́ tèmi yìí. Ẹ má sì ṣe bí ẹni pé ẹ̀yin náà ń gbọ́ ọ."

"Ọ̀rọ̀ ti ìjọba tí ń ṣọ́ ọ ńkọ́?" ni Alfa bèèrè. "Ní ìlú yìí, dókítà, ta ni kì í bẹ̀rù pé wọ́n ń gbọ́ òun?"

Dókítà Boubacar wo ilẹ̀kùn, ó rẹ́rìn-ín lábẹ́lẹ̀. "Bàbá, ìyẹn gan-an ni ó mú iṣẹ́ mi le níbí. Ẹni tí ó ń bẹ̀rù lásán, bí ẹ bá fi ẹ̀rí hàn án, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀ díẹ̀. Ẹni tí àìsàn yìí ń ṣe, ẹ̀rí kò ràn án. Ẹ gbé rédíò lọ, ó ní wọ́n ti wọ ògiri. Ẹ wó ògiri, yóò ní wọ́n ti wọ ilẹ̀. Bí ìgbàgbọ́ bẹ́ẹ̀ bá wá bá ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́ pàdé, tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ń tú ká, tí ó ti ń fà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, a ti mọ ibi tí a wà. Sikisofrení ni wọ́n ń pè é."

Mọ́rìlíátù dúró lórí ọ̀rọ̀ náà. Kò rí Yorùbá rẹ̀, kò sì fẹ́ lo èyí tí àwọn ọmọdé fi ń ju òkò lu ènìyàn ní ìgboro. "Àìsàn ọpọlọ ni, Màmá," ni ó wí.

Hàbíbátù bú sẹ́kún. "Ṣé òkúta yurániọ̀mù ni ó wọ̀ ọ́ lórí? Àbí èmi ni n kò tọ́ ọ dáadáa?"

"Rárá, Màmá," ni dókítà wí. "Darandaran tí kò rí yurániọ̀mù rí ń ṣe é. Òyìnbó ń ṣe é. Ìyá kì í fi ìtọ́jú dá a sílẹ̀, ẹ̀yin kọ́. Kì í sì ṣe ènìyàn méjì nínú ara kan, bí wọ́n ti ń sọ. Ọmọ yín náà nìyẹn, òun ni àìsàn ń dààmú."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ oògùn. Ọwọ́ Gàfárù kọ́kọ́ gbọ̀n, ọrùn rẹ̀ le, dókítà sì dín oògùn náà kù. Díẹ̀díẹ̀ ohùn náà ń jìnnà bí ọjà tí ó ń tú. Gàfárù ti lè sùn. Ó wo ògiri ní ọjọ́ kan, ó ní, "Bóyá ọpọlọ mi ni lóòótọ́." Hàbíbátù wólẹ̀ dúpẹ́.

Ìgbà náà ni ìpọ́njú Mọ́rìlíátù ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ọkùnrin tí ó padà bọ̀ yìí kì í rẹ́rìn-ín. Ó lè jókòó sí orí ẹní kan láti òwúrọ̀ di ọ̀sán. Bí wọn kò bá ní kí ó wẹ̀, kò ní wẹ̀. Mọ́rìlíátù á sọ ìtàn ọjà fún un, àwọn ìtàn tí ó ti máa ń mú un rẹ́rìn-ín títí omi yóò fi bọ́ lójú rẹ̀, òun á sì dáhùn pé, "Ó dára." Ọ̀rọ̀ náà tán síbẹ̀. Mọ́rìlíátù ti fara da ohùn, ó ti fara da ìbẹ̀rù. "Ó dára" yìí ni ó fẹ́ pa á.

"Ọmọ mi," ni Alhaji Àdìgún wí fún un, "ọkùnrin tí kò rẹ́rìn-ín sí ọ kí ó tó fẹ́ ọ, kí ni yóò ṣe nígbà tí ó bá ti fẹ́ ọ tán? Ìfẹ́ rẹ̀ ti tán. Má fi ojú ara rẹ gbolẹ̀."

Inú bí Mọ́rìlíátù, ó sì dà bí ẹni pé òótọ́ ni. Ó gba ọ̀dọ̀ dókítà lọ ní òun nìkan.

"Oògùn yín ti gba ọkùnrin mi. Ẹ lé ohùn lọ, ẹ sì lé ìfẹ́ tẹ̀ lé e."

Boubacar fún un ní àga. "Mademoiselle, ọwọ́ méjì ni àìsàn yìí ní. Ọwọ́ kan ń gbé ohun tí kò yẹ wá: ohùn, ìfura, ọ̀rọ̀ tí kò so kọ́ra. Gbogbo ayé ń rí ọwọ́ yẹn. Ọwọ́ kejì ń mú ohun tí ó yẹ lọ: ìfẹ́-ọkàn láti ṣe nǹkan, ọ̀rọ̀ ẹnu, ẹ̀rín, ìmọ́tótó, bíbá ẹgbẹ́ ṣe. Kódà ó ń jẹ́ kí ìrántí àti ìfọkànsí nǹkan nira. Ọwọ́ kejì yìí ni àwọn ará ilé kì í mọ̀. Wọ́n á ní ọ̀lẹ ni, tàbí kò fẹ́ràn wa mọ́. Oògùn lè dá kún un, n ó sì tún wò ó. Àmọ́ ojú tí kò rẹ́rìn-ín kì í sọ gbogbo ohun tí ó wà nínú."

"Báwo ni n ó ṣe wáá mọ̀?"

"Ẹ bi í. Kí ẹ sì fún un ní àyè láti dáhùn."

Ó bá Gàfárù lábẹ́ igi dóńgóyárò tí ó wà ní àgbàlá Alfa. Ó jókòó tì í.

"Àdìsá, ṣé o ṣì fẹ́ràn mi?"

Gàfárù kò sọ nǹkan. Tẹ́lẹ̀, ìdákẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀ ì bá ti mú Mọ́rìlíátù dìde lọ. Ó jókòó. Ewúrẹ́ kan wọlé, ó jẹ èèpo mángòrò tí ó wà nílẹ̀ tán, ó tún jáde.

"Mo fẹ́ràn rẹ," ni Gàfárù wí níkẹyìn, pẹ̀lú ojú kan náà tí kò yí. "Ó wà níbẹ̀. N kò rí ọ̀nà tí ó máa gbà jáde ni. Bí o bá ń sọ ìtàn ọjà yẹn, mo mọ ibi tí ó ti yẹ kí n rẹ́rìn-ín. Mo ń rí i bí ó ti ń kọjá lọ."

Mọ́rìlíátù di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Kò burú, Olówó orí mi. Bí ó bá dé ibẹ̀, tẹ ọwọ́ mi. N ó mọ̀ pé o rẹ́rìn-ín."

Ìtàn oníbàtà ni ó sọ fún un. Nígbà tí ó dé ibi Dosso, ó mọ̀ ọ́n lára pé ó tẹ ọwọ́ òun.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n pinnu láti lọ tọrọ ọmọ. Ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ kò sì kéré. Àṣà wa ni pé kí ìdílé ìyàwó bèèrè àìsàn inú ẹ̀jẹ̀ kí wọ́n tó yọ̀ǹda ọmọ, kò sì sí Yorùbá kan ní Niamey, yàtọ̀ sí àwọn díẹ̀ yìí, tí ó mọ̀ pé Gàfárù ṣàìsàn. Ohun tí gbogbo wọn gbà ni pé ìjọba ni ó dààmú rẹ̀. Akọni ni wọ́n ń pè é. Alhaji Àdìgún pàápàá rò pé ìbẹ̀rù ológun ni ó pa ẹ̀rín rẹ̀.

"Ẹ má purọ́, Alfa," ni Hàbíbátù ń bẹ̀bẹ̀ bí wọ́n ti ń múra. "Ẹ ṣáà má sọ ọ́. Ọlọ́run tìkára rẹ̀ ni ó fi aṣọ bò ó."

Ní yàrá àlejò Alhaji, lẹ́yìn ìrun Àsárì, wọ́n gbé obì kalẹ̀. Àbdùlkàdírì, olórí àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ní Niamey, àgbà tí ó fẹ́ràn ohùn ara rẹ̀ púpọ̀, ni ó ń gbẹnu sọ fún ìdílé ìyàwó.

"Àwọn baba wa ní kí á bèèrè kí á tó fi ọmọ sílẹ̀. Ẹ̀tẹ̀ ńkọ́? Wárápá ńkọ́? Wèrè ńkọ́? Ṣùgbọ́n kí ni mo ń bèèrè sí? Mo mọ bàbá ọmọ yìí, a jọ wọ ọkọ̀ kan náà wá ni. Ohun tí a gbọ́ ni pé òtítọ́ tí ó mọ̀ ni ìjọba fi lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ọkùnrin nìyẹn! Ṣé bẹ́ẹ̀ kọ́?"

Hàbíbátù sorí kọ́. Alfa wúkọ́. "Bẹ́ẹ̀ ni" kan ṣoṣo ni wọ́n ń fẹ́, obì a sì là. Mọ́rìlíátù wà lẹ́yìn aṣọ títa pẹ̀lú àwọn obìnrin.

Gàfárù dọ̀bálẹ̀, ó tún jókòó. "Rárá o, Bàbá. Ìjọba kò ṣe mí ní nǹkan kan."

Ó kọjú sí Alhaji Àdìgún.

"Ọpọlọ mi ni ó ṣàìsàn. Mo gbọ́ ohùn tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́. Mo rò pé wọ́n ń ṣọ́ mi, kò sì rí bẹ́ẹ̀. Oògùn ni mò ń lò, ó sì ṣeé ṣe kí n lò ó títí. Bí ó bá máa padà, mo mọ bí ó ti ń bẹ̀rẹ̀: oorun ni yóò kọ́kọ́ lọ, lẹ́yìn náà n ó máa yẹra fún ènìyàn, n ó máa fura. Bí ẹ bá rí i, ẹ má fi mí pamọ́. Ẹ gbé mi lọ sọ́dọ̀ dókítà. Mo fẹ́ràn Mọ́rìlíátù. Ojú mi kò fi í hàn, ṣùgbọ́n òótọ́ ni."

Hàbíbátù fi ìborùn bo ojú. Àbdùlkàdírì, fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, kò rí nǹkan sọ.

Alhaji Àdìgún yọ gíláàsì rẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí obì yìí wà lórí àwo. N kò tíì gbà á, n kò sì kọ̀ ọ́. Ẹ máa lọ sílé."

Nígbà tí àlejò lọ tán, ó pe ọmọ rẹ̀.

"O mọ̀?"

"Mo mọ̀, Bàbá. Ẹ dárí jì mí. Òun ni ó ní àìsàn náà, mo fẹ́ kí ó jẹ́ òun ni yóò sọ ọ́."

"Bí ohùn bá ní kí ó ṣe ọ́ ní ibi ńkọ́?"

"Mo bi dókítà. Ó ní bí ó bá ń lo oògùn, ìyẹn kò wọ́pọ̀. Àwọn tí ó ń ṣe ni aráyé sábà máa ń pa lára. Bí mo bá rí ewu, n kò ní fi bò fún yín."

"Bí ó bá jókòó bí ère ńkọ́, tí kò rẹ́rìn-ín?"

"N ó rẹ́rìn-ín fún àwa méjèèjì."

"Ó ń ṣeni láàánú."

"Bàbá, àánú kọ́ ni mo fẹ́ fi fẹ́ ẹ. Ó wù mí ni."

Alhaji gbé gíláàsì rẹ̀ padà sójú. Gbogbo ọ̀sẹ̀ náà ó ń lọ ó ń bọ̀ nínú ìsọ̀. Ní ọjọ́ Jímọ̀ ó ránṣẹ́ pe gbogbo wọn padà.

"Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ta aṣọ," ni ó wí. "Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti wá tọrọ ọmọ mi yìí, kò sí ẹni tí kò ká ara rẹ̀ wá ní kíká, tí a kò rí inú rẹ̀. Ọmọ yìí nìkan ni ó tú ara rẹ̀ délẹ̀, tí ó fi ìka sí ibi tí ó ti já. Ibi tí mo ti mọ̀ pé ó já, mo lè ṣọ́ ọ. Èyí tí wọn kò tú ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. Àmọ́ mo ní ọ̀rọ̀ kan. Ẹ kò gbọdọ̀ gbé jìnnà sí mi. Ọjọ́ tí kò bá sùn, kí n gbọ́."

Ó la obì.

Wọ́n so yìgì ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e. Àwọn àlejò kan ń sọ ọ́ láàárín ara wọn pé ọkọ ìyàwó kò rẹ́rìn-ín. Wọn kò rí i pé láti ìbẹ̀rẹ̀ àdúrà títí dé òpin, etí ìborùn ìyàwó wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, kò sì jẹ́ kí ó bọ́.

Bí ó ti rí fún olúkúlùkù nìyí. Owó yurániọ̀mù já wálẹ̀ lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ilé-iṣẹ́ náà sì dá ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ dúró. Gàfárù kò padà síbẹ̀. Ó ń bá oníṣòwò pákó kan ṣiṣẹ́ ní ọjà Katako, ó ń wọn pákó, iṣẹ́ tí kò ní ariwo ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ni àìsàn náà tún gbé e dé ilé ìwòsàn, nígbà tí ara rẹ̀ yá tí ó sì rò pé òun lè fi oògùn sílẹ̀. Alhaji Àdìgún ni ó kọ́kọ́ gbọ́ pé kò sùn, òun tìkára rẹ̀ ni ó sì gbé e lọ. Ẹ̀rín rẹ̀ padà díẹ̀díẹ̀, kò pọ̀ bíi ti àtijọ́. Wọ́n bí ọkùnrin kan àti obìnrin kan.

Alhaji Àdìgún padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ ní ọjọ́ ogbó rẹ̀, ó kú síbẹ̀, Mọ́rìlíátù sì gba ìsọ̀ rẹ̀. Hàbíbátù lo ọdún tí ó kù fún un lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀. Wọ́n gbé Dókítà Boubacar lọ sí Zinder. Alfa Mùhàmmádù gba rédíò rẹ̀ padà láti Dosso, àmọ́ kò dára mọ́. Láti ìgbà náà ni àwọn mìíràn nínú ará Lazaret ti ń gbé aláìsàn tiwọn wá bá a pé kí ó bá àwọn wọ takisí. Àbdùlkàdírì ń sọ fún gbogbo ayé títí ó fi kú pé òun ni ó bèèrè ìbéèrè tí ó tú àṣírí náà.

Ohùn náà kò lọ tán pátápátá. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, nídìí oúnjẹ, Gàfárù á dúró, òkèlè á wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Wọ́n dé," ni yóò wí.

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní iyọ̀ ọbẹ̀ yìí ti pọ̀ jù."

"Sọ fún wọn kí wọ́n lọ se tiwọn," ni Mọ́rìlíátù yóò wí, a sì bu omi fún un kí ó fi lo oògùn rẹ̀.